Ọwọ́ Tó Bá Ta Abọ́ Náà

Ẹni tó bá ti rajà rí ní Ṣàgámù, lójú títì tó gba Sábó kọjá, á mọ ilé ìtajà méjì tí mò ń wí yìí. Gọ́tà kan ṣoṣo ló là wọ́n láàárín. Tọwọ́ ọ̀tún jẹ́ alájà méjì, wọ́n kọ "Kàmọ́rù àti Ọmọ" sára rẹ̀, ọ̀dà rẹ̀ sì ti ń ṣí. Tọwọ́ òsì jẹ́ alájà mẹ́ta, gíláàsì ni gbogbo iwájú rẹ̀, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ níbẹ̀ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Àwọn tó ń kọjá rò pé owó nìkan ló gbé ilé méjèèjì ró. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rò bẹ́ẹ̀.

Obì ni wọ́n ń tà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Alhaji Kàmọ́rù, ọ̀kan nínú àwọn àgbà olóbì ìlú, ló ni ilẹ̀ náà, apẹ̀rẹ̀ obì tí wọ́n fi ewé bò ló sì máa ń kún ìsàlẹ̀ ilé rẹ̀. Nígbà tó kú, Wúlẹ̀mọ̀tù ọmọ rẹ̀ kó apẹ̀rẹ̀ kúrò, ó pàtẹ ìkòkò, aṣọ ìbora, bàtà ọmọdé àti ẹrù ìyàwó. Ọjà gbà á, ó sì kọ́ àjà kan lé ilé bàbá rẹ̀. Ìgbà yẹn ni Àtinúkẹ́ dé láti Èkìtì pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ tí ìjọba gbé wá síbi iṣẹ́. Ó gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ó ń ta ọṣẹ àti ìpara. Wúlẹ̀mọ̀tù ló mú un mọ àwọn tó ń kó ọjà wá láti Èkó, òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń bá ará Rẹ́mọ ná nǹkan tí ìjà ò fi ní dé.

Láyé ìgbà náà, kò sí oníbàárà tí wọ́n á sọ fún pé "kò sí". Bí ó bá béèrè ohun tí kò sí níbí, wọ́n á ní kó jókòó, wọ́n á sáré lọ mú un wá lọ́dọ̀ ẹnìkejì, wọ́n á tà á bíi pé tiwọn ni, wọ́n á sì mú owó ẹni tó ni ín lọ fún un. Gbogbo oníṣọ́ọ̀bù ló ń ṣe é. Kareemat ọmọ Wúlẹ̀mọ̀tù àti Moríyọ̀ ọmọ Àtinúkẹ́ ló máa ń sá eré yẹn, bí wọ́n ṣe dàgbà nìyẹn, tí ọ̀kan ò mọ ilé ìyá tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìkejì.

Ilé ló bà á jẹ́. Àtinúkẹ́ ra ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé lọ sókè, kò sì dúró síbi tí Wúlẹ̀mọ̀tù dúró sí. Ọjọ́ tí wọ́n gbé àjà kẹta lé e, òjìji rẹ̀ bo iwájú ilé Alhaji Kàmọ́rù láti ọ̀sán lọ. Wúlẹ̀mọ̀tù jáde, ó wo òkè, ó wọlé. Àtọjọ́ náà ni wọn ò ti kíra wọn mọ́, àwọn ìyá méjèèjì sì kìlọ̀ fún ọmọ wọn pé ẹsẹ̀ wọn ò gbọdọ̀ kọjá gọ́tà.

*

Ọjà máa ń dùn, ọjà máa ń kú, kò sí oníṣòwò tí kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí ti Wúlẹ̀mọ̀tù ṣe kú kì í ṣe bí ọjà ṣe ń kú. Oníbàárà á wọlé, á dúró lójú ọ̀nà, á máa wòkè wolẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀. Kí lẹ fẹ́ rà?"

Ẹni náà á fọwọ́ nu ojú. "Ẹ má bínú, mo ti gbàgbé." Á yí padà, á sì ki orí bọ ilé gíláàsì. Obìnrin kan tó ti ń bá wọn rajà láti ayé obì fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wádìí ilé yín. Bí mo bá ti wọ̀ ọ́, ńṣe ni ojú mi ń ṣú."

Lẹ́yìn náà ni omi dé. Ọyẹ́ ń fẹ́, ilẹ̀ gbẹ, síbẹ̀ láràárọ̀ ni ẹnu ọ̀nà Wúlẹ̀mọ̀tù ń tutù, ó sì ń run ọṣẹ dúdú. Nígbà tó di ọjọ́ kan, obìnrin tó ń gbálẹ̀ rí àgádágodo kan nínú gọ́tà, ó wà ní títì, wọ́n fi òwú dúdú àti funfun wé e, kò sí kọ́kọ́rọ́ lára rẹ̀. Wúlẹ̀mọ̀tù ka Áyátù Kúrísíyù lé e lórí. Ó mu hàńtú, omi tí wọ́n fi fọ wàláà, àwọn àlùfáà fi tírà há gbogbo igun ilé. Àwọn oníbàárà ṣì ń gbàgbé.

"Màámi, ọjà le níbi gbogbo," ni Kareemat wí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, òun nìkan ló kù fún ìyá rẹ̀ nínú ọmọ mẹ́ta tó bí. "Ẹ jẹ́ ká kun ilé, ká ra ẹ̀rọ amúlétutù tiwa."

"Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani," ni ìyá dá a lóhùn. "Ìwọ lọ ká aṣọ tó wà lókè yẹn."

*

Irolu ò jìnnà, ọ̀kadà ló gbé Wúlẹ̀mọ̀tù débẹ̀ bí ojú ọjọ́ ṣe ń rẹlẹ̀. Ìyá Ìdíátù jókòó sábẹ́ igi obì, ó ń yọ kòkòrò kúrò lára obì lọ́kọ̀ọ̀kan. Adáhunṣe ni obìnrin yìí, àmọ́ kì í da nǹkan sílẹ̀ wò bíi babaláwo. Ojú ẹni tó wá bá a ló máa ń wò, tí ìyẹn á sì máa wá ibi tó máa fi ojú tirẹ̀ sí. Àwọn ará Irolu máa ń kí i láti òdìkejì ọ̀nà.

Wúlẹ̀mọ̀tù kúnlẹ̀, ó rò fún un, ó sì dárúkọ Àtinúkẹ́.

"Ṣé o fẹ́ kí ọjà tìrẹ là ni," ni ìyá arúgbó náà bi í, "tàbí o fẹ́ kí tirẹ̀ bàjẹ́?"

"Ẹ bá mi ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, Ìyá."

"Mo fi méjì síwájú rẹ o. Ìwọ lo mú ọ̀kan." Ó ju obì tó ti jẹrà sínú iná. "Lọ wá abọ́ tánganran funfun onídèérí wá, èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì fi jẹun rí."

Ṣé ẹ mọ̀ pé tánganran ti di ohun àwátì. Ike ló kún ìgboro. Wúlẹ̀mọ̀tù wá a títí, Ìkẹnnẹ́ ló ti padà rí i, nínú ẹrù obìnrin kan tó ti ṣíwọ́ òwò. Ó gbé e lọ sí Irolu. Ìyá Ìdíátù gbé e wọ inú yàrá, ó pẹ́ níbẹ̀, Wúlẹ̀mọ̀tù sì ń gbọ́ bí ẹni ń bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀. Nígbà tó gbé e jáde, abọ́ náà mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n ó ti wúwo ju bó ṣe gbé e wá lọ.

"Fi ẹ̀yìn wọ ilé rẹ̀, má sọ̀rọ̀ níbẹ̀, gbé e sáàárín ọjà rẹ̀, kí o sì jáde. Kò sí ohun tó máa ṣe ẹni tó bá rà á. Kò sí ohun tó máa ṣe ẹni tó bá fi jẹun. Ọwọ́ tó bá tà á, tó gba owó rẹ̀, ọwọ́ yẹn ló máa mú. Láti ọwọ́, á gun apá. Láti apá, á wọ àyà."

"Ṣé ó máa pa á ni, Ìyá?"

"Ṣebí ìwọ lo ní kí n tì í pa."

Wúlẹ̀mọ̀tù gbé abọ́ náà sórí itan lórí ọ̀kadà. Ẹ̀rù bà á, irọ́ ò sí níbẹ̀. Àmọ́ Àtinúkẹ́ kì í fi owó rẹ̀ síkàáwọ́ ẹnikẹ́ni, òun fúnra rẹ̀ ló ń jókòó síbi tí wọ́n ti ń gbowó. Kò sí ọwọ́ mìíràn tó máa kàn án. Ohun tó fi tu ara rẹ̀ nínú nìyẹn.

*

Ẹ̀há ni Wúlẹ̀mọ̀tù wọ̀, ó bo ara rẹ̀ láti orí dé àtàǹpàkò, ẹyinjú nìkan ló kù síta. Ó fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn gíláàsì wọlé bí ẹni tí ẹrù kún ọwọ́ rẹ̀. Atẹ́gùn tútù bà á. Lókè ilẹ̀kùn náà, wọ́n fi ìṣó kan oǹdè pupa kan mọ́ ibi tí ojú oníbàárà kì í dé, ó sì gbọ̀n bí ó ṣe kọjá lábẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó kàn án. Ó gbé abọ́ náà sórí pẹpẹ, láàárín àwọn kúlà àti ìkòkò tí kì í jóná. Ọmọ ọjà kan kí i, kò dáhùn.

Láti ojú fèrèsé òkè ilé tirẹ̀, ó ń rí pẹpẹ náà kedere. Ibẹ̀ ló fi ṣe ibùjókòó. Oníbàárà kan gbé abọ́ náà, ó yí i sọ́tùn-ún sósì, ó gbé e kalẹ̀. Òmíràn gbé e, ó sì mú un lọ bá Àtinúkẹ́ níbi ìgbowó. Wúlẹ̀mọ̀tù dìde dúró. Ó rí i tí Àtinúkẹ́ gbà á, tó yí ìdí rẹ̀ sókè, tó ń wá nǹkan níbẹ̀, tó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó mi orí fún oníbàárà.

Oníṣòwò ni Wúlẹ̀mọ̀tù láti kékeré, kò sì ronú kan èyí. Àtinúkẹ́ ò mọ iye tó ra abọ́ náà, torí kò rà á. Ta ló ń ta ohun tí kò mọ iye tó rà á? Inú bí Wúlẹ̀mọ̀tù sí ara rẹ̀ débi pé ó gbá ògiri. Ó pinnu pé bí Jímọ̀ bá kọjá, òun á tún wọ ẹ̀há, òun á lọ lẹ iye mọ́ ọn.

Nígbà tó ti mọ́sálásí dé lọ́jọ́ Jímọ̀, ó sáré gun òkè, ó wo ìta. Abọ́ náà ti kúrò níbẹ̀. Wọ́n ti tà á. Ó jókòó, ó fi ìborí nu òógùn, ó sì ń retí kí igbe ta ní ilé kejì.

Kò sí igbe kankan. Àtinúkẹ́ jáde, ara rẹ̀ le koko, ó ń bá awakọ̀ kan tó páàkì sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ jà, ó ń na ọwọ́ ọ̀tún sí i lójú.

Nǹkan fọ́ nísàlẹ̀. Wúlẹ̀mọ̀tù sọ̀kalẹ̀, ó bá Kareemat láàárín àwo tó fọ́, ó ń wo ọwọ́ ọ̀tún ara rẹ̀ bíi pé ẹlòmíràn ló ni ín.

"Màámi, ọwọ́ mi kú. Ẹ wò ó, ó tutù."

"Kí lo fọwọ́ kàn?" Wúlẹ̀mọ̀tù gba orí àwo tó fọ́ náà lọ bá a. "Kareemat, kí lo tà lónìí?"

Ọmọ náà wo ilẹ̀. Ó rò pé ìyá òun á bínú pé òun kọjá gọ́tà. "Ìyá kan ló wá láti Simawa, ó ń wá abọ́ tánganran onídèérí fún ẹrù ìyàwó ọmọ rẹ̀. Mo ti rí ọ̀kan lọ́dọ̀ Moríyọ̀. Ẹ má bínú, Màámi, èmi àti Moríyọ̀ ò yé mú nǹkan lọ́dọ̀ ara wa. Ó ní àwọn ò mọ ẹni tó gbé e síbẹ̀, wọn ò mọ iye rẹ̀, pé kí n máa mú un lọ, kí n fi owó rẹ̀ ra nǹkan jẹ."

Wúlẹ̀mọ̀tù di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó ń fún un, ó ń mí sí i bí ẹni ń fẹ́ná. Kò gbóná.

*

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ya àwòrán ọwọ́, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọn ò rí nǹkan kan. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, òtútù náà ti kọjá ìgúnpá. Bí dókítà bá fi abẹ́rẹ́ gún un níbẹ̀, Kareemat á máa wò ó láìmira.

Ìyá Ìdíátù ń ṣa obì nígbà tí Wúlẹ̀mọ̀tù wó lulẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ẹ bá mi pa á rẹ́, Ìyá. Ọmọ mi ni."

"Kò ṣeé pa rẹ́. Ọwọ́ mìíràn ló lè gbà á kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ẹlòmíràn tún un tà."

"Bí mo bá lọ rà á padà lọ́wọ́ ẹni tó rà á ńkọ́?"

"Bí o bá fún un lówó, tó fún ọ ní abọ́, ta ló tà á?"

Wúlẹ̀mọ̀tù dìde láti lọ. Ìyá arúgbó náà dá a dúró.

"Ṣùgbọ́n bí o bá ṣe èyí, kò ní sinmi," ló wá wí. "Ilé tí o rán an lọ ló ń wá. Àfi kó débẹ̀, kí wọ́n mọ ohun tó jẹ́, kí wọ́n sì rà á lọ́wọ́ rẹ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á máa ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́, ọjọ́ kan á sì tún kan ilé rẹ."

*

Kò ṣòro láti rí Ìyá Ṣọlápé, ìyá tó ra abọ́ náà, ní Simawa. Ẹja yíyan ló ń tà, ẹ̀rín sì kún ẹnu rẹ̀. Ó gbé abọ́ náà jáde láàárín ẹrù ìyàwó, ó fi gèlè nù ún.

"Alhaja, ẹ fẹ́ gbà á padà ni? Kò burú. Iye tí mo rà á náà ni kẹ́ ẹ fún mi, màá wá òmíràn."

Ó na ọwọ́. Ọwọ́ opó, tí òórùn ẹja ò kúrò lára rẹ̀. Opó ni lóòótọ́, ó ti ń sọ bí ọkọ rẹ̀ ṣe kú àti bí ìgbéyàwó Ṣọlápé ṣe ku ọ̀sẹ̀ méjì, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í. Owó wà lọ́wọ́ Wúlẹ̀mọ̀tù, ó ti nà án dé ìdajì. Kareemat ló wà lójú rẹ̀, tó dùbúlẹ̀, tí èjìká rẹ̀ ń tutù. Kò sí ẹni tó máa mọ̀. Ta ni òun mọ̀ ní Simawa? Kí ohun náà máa ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́, kó jìnnà sílé òun ná. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ó rò ó dáadáa, ó sì fẹ́ ẹ, ó fẹ́ ẹ bí ẹni òǹgbẹ ṣe ń fẹ́ omi.

Ó ká ọwọ́ kò. Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ ẹja.

"Ẹ bá mi fi tọrẹ. Ẹ má gbowó. Gbogbo ẹrù ìyàwó Ṣọlápé, màá fi ta á lọ́rẹ, ẹ rán an wá kó ohun tó bá wù ú. Ẹ ṣá má tà á fún mi."

Ìyá Ṣọlápé wò ó bí ẹni tí orí ń dàrú lọ. "Ẹ dìde, ẹ dìde. Ẹ máa mú un lọ. Kí lẹnìkan ń fi abọ́ ṣe?"

*

Ọ̀sán ti pọ́n kọjá nígbà tí Wúlẹ̀mọ̀tù kọjá gọ́tà náà, láìwọ ẹ̀há lọ́tẹ̀ yìí. Àtinúkẹ́ jókòó síbi ìgbowó. Ó rí abọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ní kí àwọn ọmọ ọjà bọ́ síta.

Wúlẹ̀mọ̀tù sọ gbogbo rẹ̀. Kò bu ibì kankan kù, kò sì sunkún.

"Èmi lẹ fẹ́ kó pa," ni Àtinúkẹ́ wí.

"Ìwọ ni."

"Moríyọ̀ lè tà á. Ọmọ mi lè tà á, Alhaja."

"Mo mọ̀."

Àtinúkẹ́ ti àpótí owó pa. "Omi ẹnu ọ̀nà yín, èmi ni. Ọṣẹ ni mo fi ń pe oníbàárà, wọ́n ní kí n máa da omi tí mo bá fi wẹ̀ ẹ́ sí ojúlé tó súnmọ́ mi. Mo mọ̀ pé ó ń ṣe yín níbi, mi ò sì dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n àgádágodo tí ẹ wí yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n."

Àwọn méjèèjì wojú ara wọn. Bí kì í bá ṣe òun, ta ni? Kò sí ẹni tó fẹ́ bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè náà nínú wọn.

"Rà á lọ́wọ́ mi, Ìyá Moríyọ̀. Mo bẹ̀ ọ́. Kò ní ṣe ẹni tó bá rà á."

"Kí ló fẹ́ jẹ́ kí n ṣe é? Bí mo bá jókòó jẹ́jẹ́ mi, ohun tí ẹ gbìn náà lẹ máa ká."

"Kò sí ohun kan tó fẹ́ jẹ́ kí o ṣe é," ni Wúlẹ̀mọ̀tù wí.

Àtinúkẹ́ ṣí àpótí owó. "Moríyọ̀ ò tíì sùn láti ọjọ́ Jímọ̀. Ẹsẹ̀ ibùsùn Kareemat ló wà títí di báyìí, ó rò pé mi ò mọ̀. Nítorí àwọn ni mo fi fẹ́ ṣe é, kì í ṣe nítorí yín. Eélòó ni?"

Wúlẹ̀mọ̀tù dá iye kan. Àtinúkẹ́ ò ná an. Ọdún wo ni wọ́n ti ń ṣòwò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kò tíì ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ rí kó má ná an. Èyí dun Wúlẹ̀mọ̀tù ju gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti gbọ́ lọ. Ó na ọwọ́ ọ̀tún, ó gbowó náà, ó sì di ọwọ́ mọ́ ọn.

Ó rò pé á dùn ún. Kò dùn ún rárá, ó kàn tutù ni.

Kò pẹ́ tí fóònù Àtinúkẹ́ fi dún. Moríyọ̀ ni, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń gbọ́ ọ láìtiẹ̀ tan sípíkà: Kareemat ti béèrè omi, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gba ife. Àtinúkẹ́ fi fóònù sílẹ̀. Kò sí ẹni tó yọ̀ nínú àwọn méjèèjì.

Wúlẹ̀mọ̀tù padà sí ilé tirẹ̀ láti ti ilẹ̀kùn. Ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ ojú ihò, ó yí i, ọwọ́ ò gbọ́. Ó fi tòsì gbìyànjú, ilẹ̀kùn irin náà wúwo jù fún ọwọ́ kan. Ó ń jà á lọ bẹ́ẹ̀ títí Àtinúkẹ́ fi kọjá gọ́tà wá. Kò sọ nǹkan. Ó fa ilẹ̀kùn náà wálẹ̀, ó tì í pa, ó fi ẹsẹ̀ tì í wò bóyá ó ti mú, ó sì na kọ́kọ́rọ́ sí i.

"Kareemat ni kó o fún," ni Wúlẹ̀mọ̀tù wí, ó sì jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé bàbá rẹ̀, ó ń dúró de òtútù tó ń gun apá rẹ̀ bọ̀.